Píkọ́ọ̀pù Alága Kì Í Dúró Síbi Tó Tẹ́jú

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ọlọ́gbọ́n, kó yà sílé kejì. Ìtàn agbéraga ni tèmi, mi ò sì ní fi oyin sí i.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Theophilus Ògúnrìndé. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán, kò ní dá yín lóhùn. Olóyè Alága Theophilus Ògúnrìndé, Òpómúléró Àwọn Àgbẹ̀, Ìmọ́lẹ̀ Alábàtà àti Agbègbè Rẹ̀: ìyẹn gan-an lorúkọ. Tí iná bá ń jó ilé ẹ̀, tẹ́ ẹ sì fẹ́ ké sí i, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó máa ṣẹ́kù nínú ilé.

Òun ni alága Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ pákí ní Alábàtà. Ẹ má rò pé ó ń ṣe àgbẹ̀ o. Akọ̀wé ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ́ kan ṣoṣo tó ní, ara ògiri pálọ̀ ló gbé e kọ́ sí, ó fi gíláàsì bò ó. Tí àlejò bá wọlé, á nàka sí i, á ní, "Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Irọ́ ni. Okùn tí wọ́n fi so ọkọ́ yẹn lọ́jà ṣì wà nídìí ẹ̀.

Ẹni tó ń bá a gbé gbogbo ẹrù ńlá yìí ni Àmínù, alukoro ẹgbẹ́. Iṣẹ́ alukoro ni kó máa kéde ìpàdé. Ti Àmínù, Alága ló ń kéde. Tí Alága bá sín, Àmínù á ní, "Atẹ́gùn tuntun ti fẹ́ sílẹ̀ Ẹ̀gbá!" Tí Alága bá sùn lọ níbi ìpàdé, tó ń hanrun, Àmínù á gbé ìka sẹ́nu: "Ẹ rọra o. Ó ń ronú."

Ohun tó gbé ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù dé nìyí. Pákí kì í dúró de èèyàn. Tó o bá ti hú u, eré ló kù. Tó bá pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ilé iṣẹ́ tó ń rà á láti fi ṣe sítáàṣì á ní kó o máa gbé e lọ. Àwọn obìnrin Alábàtà ti sunkún pákí tó. Ni wọ́n bá dá owó jọ, wọ́n ní ká ra ọkọ̀ tó máa wọ oko wá gbé e. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Àlímátù, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Tawheed. Opó ni. Ilẹ̀ tó yá dáko, onílẹ̀ ti tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé fáwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n ní kó kó gbogbo pákí ẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí òjò tó dé. Tí pákí yẹn bá rí ilé iṣẹ́ lójú kó tó bàjẹ́, á fi owó ẹ̀ yá ilẹ̀ mí-ìn. Tó bá bàjẹ́, oko tán nìyẹn, á padà sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ máa gbálẹ̀ fún ìyàwó ilé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí Alága ò fi sọ́kàn.

Wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù: Alága, Àmínù, àti Sàlàhúdíìnì tó máa wa ọkọ̀ náà. Píkọ́ọ̀pù méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kéré, ó funfun, ó kàn dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wá síbi ìsìnkú. Èkejì ga débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ méjì kó tó wọlé. Irin ńlá wà níwájú ẹ̀, iná mẹ́rin wà lórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

"Mo ti tan án sílẹ̀ dè yín, sà," ọlọ́jà wí, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. "Irú yín kọ́ ló yẹ kó máa dúró de ẹ́ńjìnnì."

Àyà Alága wú.

Sàlàhúdíìnì yọjú wo mítà. "Alága, ọkọ̀ yìí ti rìn o. Kìlómítà tó wà lójú mítà yìí gùn bíi nọ́ńbà fóònù."

Alága yí padà, ó gbé ọwọ́ agbádá sí èjìká. Tẹ́ ẹ bá rí i tó gbé ọwọ́ agbádá sí èjìká báyìí, ẹ wá ibi jókòó sí, ọ̀rọ̀ fẹ́ gùn.

"Sàlàhúdíìnì, tí mo bá ń wá dírẹ́bà, ṣé ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí ni mo máa gbà?"

"Rárá sà."

"Kí ló wá dé tí mo fi máa ra ọkọ̀ tí kò rìn rí? Ọkọ̀ yìí ti mọ ọ̀nà! Ó ti rìn ní Jámánì, ó ti rìn ní Bẹ́líjíọ̀mù, ojú ẹ̀ ti là. Èyí kékeré yìí, ọmọdé ni. Ibo ló mọ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" Àmínù ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!" Ẹnìkankan ò mú bírò dání.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò," Sàlàhúdíìnì wí.

"Ṣé o máa ń ṣí ikùn àlejò wò kó o tó kí i ni?"

"Ẹ jẹ́ ká pa á nígbà náà, ká tún un tan."

Ọlọ́jà fò sókè. "Kí ẹ pa á? Lọ́jọ́ ayọ̀ báyìí?"

"Lọ́jọ́ ayọ̀," Alága wí, ó ń mi orí bíi bíṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe rà á nìyẹn, láìpa á, láìtan án, láìṣí i.

Kò yẹ kí wọ́n gba Kútọ̀ láàárín ìgboro Abẹ́òkúta kọjá lọ sí Alábàtà, ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ fi ọkọ̀ gíga ṣe tí Kútọ̀ ò bá rí i? Alága ní kí wọ́n dúró níwájú gáréèjì, níbi tí èrò pọ̀ sí jù. Sàlàhúdíìnì pa ẹ́ńjìnnì. Alága sọ̀ kalẹ̀, ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó kí àwọn tí kò kí i, ó tún gòkè padà. Sàlàhúdíìnì yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ́.

Ó tún un yí. Kẹ́. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn bọ́ọ̀sì Èkó tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Àwọn ọmọ gáréèjì ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí wọn lọ́nà, ni wọ́n bá ya bo píkọ́ọ̀pù. "Ẹ tì í! Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ẹ jẹ́ ká tì í!" Alága ò sọ̀ kalẹ̀. Ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó yọ ọwọ́ síta, ó ń juwọ́. Wọ́n ń tì í, wọ́n ń bú u, òun ń juwọ́. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì jí, èéfín dúdú bo gbogbo wọn lójú, píkọ́ọ̀pù bá tirẹ̀ lọ.

Àmínù yí padà láti iwájú. Omi wà lójú ẹ̀. "Alága, ẹ rí i? Gbogbo Kútọ̀ ló jáde wá fọwọ́ gbé yín!"

Alága ń juwọ́ títí wọ́n fi dé Kámpù. Ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára. "Ìwọ náà rí i," ó wí. "Èèyàn lásán ló ń fi kọ́kọ́rọ́ tan ọkọ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo bẹ̀ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín síbí. Ẹ tọ́jú ẹ̀.

Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìlérí mẹkáníìkì. Ìlérí wọ abẹ́ ẹ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Kíkì ẹ̀ ló ti kú, sà. Irin tó máa ń ta ẹ́ńjìnnì jí tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Ká pààrọ̀ ẹ̀ ni, kò ju iṣẹ́ òní lọ."

Ẹgbẹ́ ti ya owó sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, owó náà sì tó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Alága bi í: "Kíkì yìí, ṣé wọ́n máa ń rí i láti ìta?"

"Rárá o. Abẹ́ níbẹ̀ ló wà."

"Ká wá náwó ẹgbẹ́ sórí ohun tójú ẹnìkankan ò ní tó? Ìwà bòńkẹ́lẹ́ nìyẹn! Ká máa fi ohun tá a ń ṣe han aráàlú ni mo fẹ́."

Ìlérí wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, sà?"

Ohun tó ṣe nìyí: ó fi fèrè ọlọ́pàá sí orí ọkọ̀, irú èyí tó máa ń ké wíìwíì. Ó bá wọn wá ẹni tó ya àwòrán Alága sí ilẹ̀kùn méjèèjì, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀kan ń ronú. Ó fi nọ́ọ̀tì de àga pupa kan mọ́lẹ̀ nínú kárà ẹ̀yìn, níbi tó yẹ kí pákí máa wà, kí Alága lè máa jókòó síbẹ̀ wo aráàlú. Ìlérí ò tún sọ̀rọ̀ kíkì mọ́. Owó fèrè náà, owó ni.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Alága dìde. Ọwọ́ agbádá gun èjìká.

"Ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti gbọ́ tí àwọn ọ̀tá ìtẹ̀síwájú ń sọ pé ọkọ̀ wa ò ṣeé tan. Mo bi yín: kí ni Ọlọ́run fún Abẹ́òkúta?"

"Òkúta!" ni àwọn kan dáhùn.

"Òkè! Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́! Ìlú wo lẹ tún mọ̀ tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ bíi tiwa? Tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ sórí òkè, tẹ́ ẹ tú bíréèkì, á máa yí bọ̀ nílẹ̀, dírẹ́bà á tú kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì á jí. Ọ̀fẹ́ ni! Àwọn baba ńlá wa ti fi òkè ṣe odi. Èmi Theophilus, mo fi òkè ṣe kíkì!"

Àmínù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Nítorí náà, láti òní lọ, píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ dúró síbi tó tẹ́jú. Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù kan lórí òkè lápá Ìtòkò. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì wa báyìí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ á máa wà."

Ìyá Tawheed na ọwọ́, ó dìde.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, kó lè yé mi ni. Píkọ́ọ̀pù ò ní máa wá gbé pákí lóko mọ́?"

"Àlímátù, ronú. Oko yín tẹ́jú." Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe ìyá ọlọ́mọ lórúkọ. "Pákí ni yóò máa wá bá píkọ́ọ̀pù."

"Láti Alábàtà dé Ìtòkò?"

"Ẹni tó bá fẹ́ oyin, á gun igi."

"Ta ni á máa bá wa gbé pákí gun òkè?"

"Ọlọ́run á pèsè."

"Àmín!" Àmínù ló ṣe é, ó dún ju ti gbogbo wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tó dá owó ra ọkọ̀ kí wọ́n má baà háyà ọkọ̀ mọ́, wọ́n wá ń háyà kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé pákí lọ bá ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ ò lè gun òkè tán, torí náà wọ́n á sọ pákí kalẹ̀ nídìí òkè, wọ́n á rù ú. Lókè lọ́hùn-ún, Alága á jókòó sórí àga pupa nínú kárà, á máa kí wọn káàbọ̀. Tí pákí bá ti yí ẹsẹ̀ àga ká, á ní ó tó, ẹ má fi ìdọ̀tí kàn mí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ìdajì ẹrù máa ń kù sílẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó fi pákí ẹ̀ sílẹ̀ fún ewúrẹ́ nídìí òkè yẹn, tó bú sẹ́kún, tó wá bú Alága. Ewúrẹ́ nìkan ló jàǹfààní ìjọba Theophilus.

Onílẹ̀ ti dá ọjọ́ tó máa mú àwọn tó fẹ́ wọn ilẹ̀ wá bá Ìyá Tawheed lóko. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìròyìn kan dé. Àjọ kan tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ fẹ́ rán ọ̀gá wọn wá, Dókítà Priscilla, kó wá wo bí píkọ́ọ̀pù ṣe ń bá wọn ṣiṣẹ́. Alábàtà gan-an ló fẹ́ wá, kì í ṣe orí òkè. Alága ránṣẹ́ sí Ìyá Tawheed pé kó hú gbogbo pákí ẹ̀ sílẹ̀, pé ọkọ̀ á wá kó o lọ sí ilé iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àlejò, á sì padà wá gbé ìyókù bó bá ṣẹ́ kù.

Ìyá Tawheed háyà èèyàn, wọ́n hú gbogbo ẹ̀. Ó kó o jọ sẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ewé bò ó, ó jókòó tì í. Ọ̀sán kọjá. Ìrọ̀lẹ́ dé. Píkọ́ọ̀pù ò wá. Nígbà tó pe Àmínù lórí fóònù, Àmínù ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ń fi ọ̀dà pa táyà ẹ̀ ni, kó lè dúdú dáadáa."

Ọjọ́ àlejò pé. Wọ́n ta kánópì sábẹ́ igi máńgòrò ní Alábàtà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí àwo. Alága ti rò ó dáadáa: ó ní kí Sàlàhúdíìnì tan ọkọ̀ lórí òkè láàárọ̀, kó wà á wá, kó má sì pa á rárá, kó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀ títí ètò á fi parí. Ẹ má sọ pé kò lọ́gbọ́n.

Bí Ìyá Tawheed ṣe rí ọkọ̀, kò dúró gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni. Òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń da pákí sínú kárà nígbà tí Dókítà Priscilla dé nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, bàtà pẹlẹbẹ, kò mú ju báàgì kan lọ. Àmínù gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pe orúkọ Alága látòkè délẹ̀, ó mí, ó tún un pè látilẹ̀ dókè. Alága bọ́ síwájú. Agbádá ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó tó bo kánópì mọ́lẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ń dún gbìrì-gbìrì. Èéfín dúdú ń gba abẹ́ kánópì kọjá.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin! Ìràwọ̀ òwúrọ̀! Bí oòrùn ṣe ń—" Gbìrì-gbìrì. "—ni èmi pẹ̀lú, nínú ìrẹ̀lẹ̀ mi tó—" Gbìrì-gbìrì.

Dókítà Priscilla wúkọ́. Ó tẹ etí sí i. Ó tún wúkọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò gbọ́ nǹkankan nínú ọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́ ẹ ń sọ. Ṣé wọ́n lè bá wa pa ọkọ̀ yẹn?"

Ẹ wò ó o. Gbogbo wa la mọ ohun tó yẹ kó sọ. "Ẹ jẹ́ ká sún síwájú díẹ̀." "Ẹ jẹ́ kí n ké ọ̀rọ̀ mi kúrú." Sàlàhúdíìnì ń mi orí láti ìdí ìtọ́kọ̀. Àmínù alára ti pa ojú dé. Ṣùgbọ́n obìnrin ńlá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Alága, ìwé ọ̀rọ̀ tó sì kù lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì nípọn.

"Sàlàhúdíìnì! Pa á!"

"Alága, ẹ rántí—"

"Mo ní pa á!"

Ó pa á. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ ẹyẹ.

Alága sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí kúrò lápá kan kánópì bọ́ sí èkejì. Ó ní kó tó di pé òun di alága, pákí Alábàtà kì í wú. Ó ní òun ti lá àlá píkọ́ọ̀pù yìí nígbà tí wọn ò tíì bí ẹni tó ṣe é. Ìyá Tawheed ò gbọ́. Ó bù lára pákí ẹ̀ kan, ó wò ó. Ó ṣì funfun, àmọ́ okùn dúdú tín-ín-rín ti fẹ́ máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó jù ú nù, ó sì wo ojú ọ̀run.

Nígbà tí Alága parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, Dókítà Priscilla pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé pákí yìí dé ilé iṣẹ́ báyìí. Ohun tí mo wá fẹ́ rí nìyẹn."

"Rárá o, Ìràwọ̀!" Alága ń rẹ́rìn-ín. "Orí òkè là ń lọ. Mo ti pa màlúù, mo fẹ́ fi yín joyè. Orí àga pupa yẹn lẹ máa jókòó sí, fèrè á máa ké níwájú yín. Àmínù! Ẹ da pákí yẹn kalẹ̀!"

Àmínù gun kárà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju pákí sílẹ̀. Ìyá Tawheed sáré wá, ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Alága, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Àná la ti hú u, ẹ̀yin lẹ ní ká hú u. Tó bá di ọ̀la, wọn ò ní gbà á mọ́. Mi ò ní nǹkan mí-ìn."

"Àlímátù, ọ̀la kì í pẹ́ dé."

"Fún yín ni."

"O ń dójú tì mí níwájú àlejò. Sàlàhúdíìnì, ká lọ!"

Sàlàhúdíìnì yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ́.

Alága ní kí wọ́n fọn fèrè. Fèrè ké wíìì, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kú.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" Dókítà Priscilla béèrè.

"Ó ń sinmi ni, mà," Àmínù dáhùn.

Alága yíjú sí àwọn obìnrin, ó ń fọwọ́ pè wọ́n bí ẹni ń pe adìyẹ. "Ẹ̀yin ìyá, ó yá, ẹ bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ wá gba ìbùkún."

Ìyá Tawheed ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo pákí ẹ̀ tó wà nílẹ̀. Ó wo Alága. Ó wá rọra sọ ọ́, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀:

"Alága, ẹ kú ìdúró o."

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ kú oòrùn o, Alága."

"Ẹ kú àlejò o!"

"Ẹ kú wàhálà ọkọ̀ o, Bàbá wa!"

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o!"

Gbogbo wọn kúnlẹ̀ pátá, wọ́n ń kí i látòkè délẹ̀, ìkíni tẹ̀ lé ìkíni, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ẹ bá mi wá ẹni tó lè bínú sí irú ìyẹn. Ó kọ́kọ́ ń dáhùn: "Òo. Òo. Ẹ ṣeun." Nígbà tó yá, ó sú u, ó pariwo:

"Ẹ dìde kẹ́ ẹ wá tì í!"

"Pákí la máa tì," Ìyá Tawheed wí. "A ò ní ti àga."

Alága wo Àmínù. Àmínù wo ilẹ̀. Ó wo Sàlàhúdíìnì, ẹni yẹn ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń dá pákí padà sínú kárà láìbéèrè. Dókítà Priscilla ń wò ó. Alága juwọ́ sílẹ̀. "Ó dáa. Ẹ kó o padà. Ká ṣáà kúrò níbí."

Wọ́n kó o. Wọ́n da pákí lé àga pupa lórí títí kò fi hàn mọ́. Sàlàhúdíìnì padà sídìí ìtọ́kọ̀, àwọn obìnrin fẹ̀yìn ti ọkọ̀, wọ́n kígbe, wọ́n tì. Kò mira. Ẹrù ti pọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì tó ti rin Jámánì já ò fẹ́ rin Alábàtà.

"Ọwọ́ ò tó," Ìyá Tawheed wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Dókítà Priscilla bọ́ bàtà. Ó gbé báàgì ẹ̀ sórí àga kan lábẹ́ kánópì, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó lọ dúró láàárín àwọn obìnrin. Ará ìlú, onígbàgbọ́, mùsùlùmí, ẹni tó ni kánópì, gbogbo wọn bọ́ sídìí ọkọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró sábẹ́ kánópì, gbogbo ojú sì wà lára ẹ̀.

"Bàbá," Dókítà Priscilla wí, "ẹ kú ìdúró o."

Òun náà ti kọ́ ọ.

Kí ni Alága fẹ́ ṣe? Ó ká agbádá. Ó wá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni ń súre fún un. "Ẹ tì, Bàbá!" Ó tì. "Ẹ tì gan-an!" Ó forí tì í, ó fàyà tì í, fìlà ẹ̀ já bọ́, ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Táyà yí díẹ̀. Ó yí sí i. Sàlàhúdíìnì tú kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan, ó bú ramúramù, ó fọ́n èéfín jáde bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Àwọn obìnrin ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n rọ̀ mọ́ kárà, wọ́n fò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Tawheed fò, Àmínù fò, ó tilẹ̀ fò ṣáájú. Alága nìkan ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń fò. Ọkọ̀ yọ lọ́wọ́ ẹ̀, ó dojú bolẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ Alábàtà. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fara kan ilẹ̀ oko nìyẹn.

Ó dìde, ó ń sáré. "Dúró! Sàlàhúdíìnì! Mo ní dúró!"

Sàlàhúdíìnì yọ orí jáde. "Alága, kò ṣeé ṣe! Ẹ̀yin náà lẹ ní kò gbọdọ̀ dúró síbi tó tẹ́jú!"

Lórí pákí lọ́hùn-ún, Àmínù ti na ọwọ́ sókè: "Ìyá Tawheed! Òpómúléró! Ìmọ́lẹ̀ Alábàtà!" Ọlọ́run ló mọ ìgbà tó kó orúkọ náà sápò.

Dókítà Priscilla wọ ọkọ̀ ẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti yunifásítì ló gbé Alága délé. Ó dá a mọ̀ láti ara ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù. Ó bi í léèrè èwo nínú àwòrán méjèèjì ló jọ ọ́ jù, èyí tó ń rẹ́rìn-ín àbí èyí tó ń ronú.

Nílé iṣẹ́, Sàlàhúdíìnì ò pa ẹ́ńjìnnì títí wọ́n fi kó ẹrù kalẹ̀. Ọkùnrin tó ń yẹ pákí wò mú ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ. Ó mú òmíràn. Ìyá Tawheed ò wò ó, ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò.

"Ó funfun," ọkùnrin náà wí. "Ẹ mú un wọlé. Ká ní ọ̀la lẹ gbé e wá ni, mi ò bá ti dá yín padà."

Àwọn yòókù ń hó. Ìyá Tawheed ò hó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé. Alága wá o, ẹ má rò pé kò wá. Ó wọ agbádá mí-ìn, ó mú ìwé ọ̀rọ̀ dání. Kó tó ṣí i, àwọn obìnrin ti kúnlẹ̀. "Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá o. Ẹ ti ṣe é tó, ẹ lọ sinmi." Kò sí ẹni tó bú u, kò sí ẹni tó gbé ohùn sókè. Wọ́n kàn ń kí i lọ títí ó fi rí i pé ẹnu ọ̀nà lòun wà.

Wọ́n fi Ìyá Tawheed sípò alága. Ohun àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ra kíkì. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, Àmínù fò dìde, ó nu ojú, ó ṣí àyà.

"Ìyá tó ju ìyá lọ! Akin lóbìnrin! Kí gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá lè máa wá júbà yín, òkè wo lẹ fẹ́ ká máa ti ṣèpàdé báyìí?"

"Níbi tí pákí bá wà," Ìyá Tawheed wí. "Àmínù, jókòó."